Ẹ̀rọ tó ń wọn afẹ́fẹ́ nínú ọgbà ilé: ibo ni kí n rì í mọ́, báwo ni mo sì ṣe máa mọ àríwá gidi?

ÀGBẸ̀ MỌ́NÍYÀ (Ìbàdàn)

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará. Àbúrò mi gbé ibùdó ojú-ọjọ́ kékeré kan wá fún mi láti òkè òkun. Ife mẹ́ta tó ń yí bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ wà nínú rẹ̀, atọ́ka tó ń fi ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀ hàn náà wà níbẹ̀, pẹ̀lú agbòjò kan tó ń wọn òjò, àti console tí a ń gbé sínú yàrá, tó ń kọ iye tí wọ́n bá wọn. Ti òjò àti ti ooru kò fún mi ní wàhálà kankan. Ti afẹ́fẹ́ ni mo wá bá yín sọ.

Orí òpó tó ga ní mítà 2 lẹ́bàá fẹ́ǹsì ni mo fi í sí. Igi máńgòrò kan wà ní ìhà gúúsù, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì aládùúgbò mi sì wà ní ìwọ̀-oòrùn. Bí mo bá wo console, òdo ló sábà máa ń kọ, bẹ́ẹ̀ mo ń fi ojú ara mi rí ewé máńgòrò tó ń mì lókè. Atọ́ka náà kì í dúró sójú kan, ó kàn ń pòòyì ni. Oko mi kò jìnnà sílé, èmi fúnra mi ni mo ń fín oògùn, mo sì fẹ́ máa mọ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń fẹ́ kí n tó gbé ẹ̀rọ ìfínko kọ́ ẹ̀yìn. Ṣé orí òrùlé ni kí n gbé e lọ, àbí kí n ri òpó gígùn? Báwo ni mo ṣe máa mọ àríwá gidi? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.


OLÙKỌ́ FÍSÍÌSÌ (Abẹ́òkúta)

Ẹ kú iṣẹ́ oko, sà. Ẹ̀rọ yín kò bàjẹ́ o. Ibi tí ẹ fi í sí ni kò bá a mu. Ewé máńgòrò yẹn gan-an ni ẹ̀rí. Francis Beaufort, ọ̀gá nínú àwọn ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé òṣùwọ̀n kan kalẹ̀ ní 1805 tí a ṣì ń lò títí dòní. Ohun tí ojú lè rí la fi ń mọ bí afẹ́fẹ́ ṣe le tó. Bí ewé bá ń mì wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ tí a sì ń gbọ́ ìró rẹ̀, afẹ́fẹ́ náà wà láàárín kìlómítà 6 sí 11 ní wákàtí kan. Bí ewé àti ẹ̀ka tín-ín-rín bá ń mì láìdúró, ó ti di 12 sí 19. Bí eruku àti bébà bá ti ń gbéra nílẹ̀, ó ti tó 20 sí 28. Nítorí náà, ewé tó ń mì lókè nígbà tí console ń kọ òdo fi hàn pé afẹ́fẹ́ wà lóòótọ́ ṣùgbọ́n kò dé ọ̀dọ̀ ife yín.

Ìlànà àjọ ojú-ọjọ́ àgbáyé, WMO, ni pé kí ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ wà ní mítà 10 sókè ilẹ̀, ní gbangba, kí ohunkóhun tó lè dínà afẹ́fẹ́ sì jìnnà sí i tó ìlọ́po mẹ́wàá gíga ohun náà. Bí máńgòrò yín bá ga ní mítà 8, mítà 80 ló yẹ kó wà láàárín yín. Nínú ìlú, kò sí ẹni tó ní àyè bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó dáa kí ẹ mọ ìdí tí wọ́n fi ṣe òfin náà, nítorí ìdí yẹn ló máa jẹ́ kí ẹ mọ ibi tí ẹ lè gbà fún un àti ibi tí kò ṣeé gbà. Ẹ wo odò tó ń ṣàn kọjá lára òkúta ńlá. Lẹ́yìn òkúta náà, omi kì í lọ tààrà mọ́, ṣe ló ń yí po. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni afẹ́fẹ́ ń ṣe lẹ́yìn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, rúdurùdu yẹn sì lè ga tó ìlọ́po méjì gíga ilé náà. Inú rẹ̀ ni òpó onímítà 2 yín wà báyìí. Ìdí tí atọ́ka fi ń pòòyì nìyẹn.

Ohun kan tún wà: afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ kì í yára tó ti òkè, nítorí pé koríko àti ilé ń fà á sẹ́yìn. Àjọ oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ lágbàáyé, FAO, ní ìṣirò kan fún un. Lórí pápá tí koríko rẹ̀ kúrú, afẹ́fẹ́ ní mítà 2 máa ń jẹ́ nǹkan bí ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún ti mítà 10. Mo ti rí àwọn tó ń fi ìṣirò yìí tún ohun tí ẹ̀rọ ẹ̀yìnkùlé wọn kọ ṣe. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Pápá gbalasa ni wọ́n ṣe ìṣirò náà fún. Láàárín fẹ́ǹsì àti ilé, kò sí iye kan tí ẹ lè fi sọ ọ́ di púpọ̀ tó máa bá òtítọ́ mu, torí bí afẹ́fẹ́ bá yí padà sí ìhà mìíràn, ìdènà tuntun ló máa bá pàdé.


ÌYÁ OLÓKO (Ìsẹ́yìn)

Ẹ ṣeun, olùkọ́. Kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í ra páìpù, ẹ jẹ́ ká padà sí ohun tí bọ̀ọ̀dá wa sọ pé òun fẹ́ fi ṣe. Oògùn ni wọ́n fẹ́ fín. Oògùn tó ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ ìfínko kì í dé mítà 10, ìsàlẹ̀ ló wà. Bí ẹ̀rọ orí òpó gíga bá sọ pé kìlómítà 16 ni afẹ́fẹ́ ń sá ní wákàtí kan, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ 12 ló wà níbi tí ẹ dúró sí lórí ilẹ̀ gbalasa. Ìkan sọ pé ẹ má fín, ìkejì sọ pé ẹ lè fín.

Ohun tí àwa ń tẹ̀ lé ni pé bí ó bá ti ju kìlómítà 15 lọ ní wákàtí, a kì í fín, nítorí oògùn á gbé lọ sórí ẹ̀fọ́ ẹlòmíràn. Àmọ́ bí afẹ́fẹ́ bá dákẹ́ jẹ́ẹ́, tí kò tó 5, a kì í fín náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í gba èyí gbọ́. Ní ìdájí àti ní ìrọ̀lẹ́ tí ilẹ̀ bá ti tutù, afẹ́fẹ́ tútù máa ń tẹ́ sílẹ̀, afẹ́fẹ́ gbígbóná á wà lókè rẹ̀ bí ìdérí. Àwọn ẹ̀kán oògùn tó kéré jù lọ kò ní balẹ̀, wọn ò sì ní túká. Wọ́n á máa rìn gbéregbère lọ síbi tí ẹnikẹ́ni kò rò. Ọyẹ́ ló burú jù fún èyí ní àárọ̀ kùtùkùtù.

Nítorí náà ìmọ̀ràn tèmi ni pé bí oògùn fífín bá ni iṣẹ́ rẹ̀, kí ẹ gbé ife náà lọ sí àárín oko, ní mítà 2, níbi tí kò sí igi nítòsí. Bí ẹ bá sì fẹ́ mọ ojú-ọjọ́ àdúgbò lápapọ̀, kí àkọsílẹ̀ yín lè bá ti ẹlòmíràn dọ́gba, òpó gígùn ni. Iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ẹ yan ọ̀kan.


ÀGBẸ̀ MỌ́NÍYÀ

Ẹ ṣeun púpọ̀, ìyá wa. N kò ronú débẹ̀ rárá. Ìṣòro oko ni pé kò sí ẹni tó ń sùn síbẹ̀, wọ́n lè gbé e lọ. Bí mo bá ri òpó gígùn sínú ọgbà, ṣé n kò lè máa fi ojú ìwòye yọ díẹ̀ kúrò nínú ohun tó bá kọ?


ÌYÁ OLÓKO (Ìsẹ́yìn)

Ẹ lè ṣe é, bí òpó náà bá ga kọjá rúdurùdu yẹn lóòótọ́. Ẹ wá ra ẹ̀rọ kékeré tí a ń fi ọwọ́ mú, tó ní abẹ̀bẹ̀ wẹ́wẹ́ nínú. Ẹ gbé e dání lọ sóko, ẹ na ọwọ́ sókè, ẹ kọ iye tó bá sọ sílẹ̀, kí ará ilé sì ka ti console fún yín lórí fóònù nígbà kan náà. Tí ẹ bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ léraléra, pàápàá nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ń bọ̀ láti ìhà tó yàtọ̀ síra, ẹ óò mọ bí òkè àti ìsàlẹ̀ ṣe bára tan lórí ilẹ̀ tiyín gan-an. Ìyẹn dára ju ìṣirò inú ìwé lọ.


ẸLẸ́RỌ ÀKÚRẸ́

Ọ̀rọ̀ òpó kàn mí. Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa, torí ọ̀rọ̀ ẹ̀mí wà nínú rẹ̀.

Àkọ́kọ́, ẹ wo òkè. Níbo ni wáyà NEPA gbà kọjá? Òpó onímítà 10 kò gbọdọ̀ sún mọ́ wáyà iná ní mítà 15. Bí ó bá ṣubú, ìhà yòówù tó bá ṣubú sí, kò gbọdọ̀ kan wáyà. Bí ọgbà yín kò bá gba èyí, ẹ dín gíga òpó kù. Kò sí àkọsílẹ̀ afẹ́fẹ́ tó tó ẹ̀mí ènìyàn.

Páìpù irin tí kì í dípẹtà ni kí ẹ rà, kì í ṣe ti ike. Ike máa ń tẹ̀, á sì máa mì, atọ́ka tó bá sì ń mì kò lè sọ òtítọ́. Mítà 6 tàbí díẹ̀ sí i ni páìpù kan, nítorí náà ẹ ó so méjì pọ̀: èyí tó nípọn nísàlẹ̀, èyí tó tín-ín-rín wọ inú rẹ̀, kí alájórin sì fi bóòtù méjì gba inú wọn kọjá yàtọ̀ sí jíjó. Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí alájórin ṣe ẹsẹ̀ òpó náà ní oníhíńjì, kí ẹ lè máa tẹ́ ẹ sílẹ̀ bí ẹ bá fẹ́ fọ ife tàbí tún nǹkan ṣe. Òpó tí a kò lè tẹ́ sílẹ̀, ẹnìkan á fẹ́ gun un lọ́jọ́ kan, kì í sì í dáa. Ẹ gbẹ́ ihò rẹ̀ jìn dáadáa, ẹ da kọnkéré sí i. Kí ẹ fi okùn wáyà mẹ́ta fà á ní ìpele méjì. Kí ìhà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dọ́gba yí òpó ká, kí ìdákọ̀ró wọn sì jìnnà sí ẹsẹ̀ òpó tó mítà 5 ó kéré tán. Ìjì ìbẹ̀rẹ̀ òjò kì í ṣeré, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n.

Ti àrá: òpó yìí ló máa ga jù nínú ọgbà. Kí oníṣẹ́ iná tó mọṣẹ́ ri irin tó ń gbé iná àrá wọ ilẹ̀ sí ẹsẹ̀ rẹ̀, kó sì fi wáyà kọ́pà tó nípọn so ó mọ́ òpó. Ìyẹn kò ní gba ẹ̀rọ náà là bí àrá bá sán lù ú tààrà. Ilé àti àwọn tó wà nínú rẹ̀ ló wà fún. Bí ẹ̀rọ yín bá ń ránṣẹ́ sí console láìlo wáyà, ó sàn jù, nítorí pé kò sí wáyà tó máa gbé àrá wọ yàrá. Bí ó bá jẹ́ oníwáyà, ẹ kọ́kọ́ wọn ìgùn wáyà náà kí ẹ tó ra páìpù. Ti ilé iṣẹ́ Davis tó gbajúmọ̀, wáyà ife rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi mítà 12 láti ilé iṣẹ́. Bí ẹ bá yọ mítà 10 fún òpó, ẹ wo ohun tó kù.

Ẹ fi ife àti atọ́ka sí orí òpó pátápátá, ẹ má fi í sí ẹ̀gbẹ́. Kí ẹ sì lo spirit level tí bíríkìlà ń lò, kí òpó dúró ṣánṣán. Bí orí rẹ̀ bá tẹ̀, atọ́ka á máa sùn sí ìhà kan nígbà tí afẹ́fẹ́ kò bá lágbára.

Agbòjò ń kọ́? Ẹ fi í sílẹ̀ nísàlẹ̀ o! Lókè, afẹ́fẹ́ á máa gbá òjò kọjá lórí rẹ̀, òjò tí ẹ bá kọ sílẹ̀ á kéré sí èyí tó rọ̀. Ti ooru náà, láàárín mítà 1.25 sí 2 ni àyè rẹ̀ wà. Bí ẹ̀rọ yín bá ṣeé yọ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ yọ ọ́.


ARÁ LEEDS

Ẹ káàárọ̀ láti ìlú òyìnbó. Mo fẹ́ fi tòrùlé kún un, torí kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló ní àyè fún òpó. Ilé tí mo ń gbé fara mọ́ ti aládùúgbò méjèèjì, ọgbà ẹ̀yìn kò fẹ̀, nítorí náà orí òrùlé nìkan ló kù fún mi.

Òrùlé fúnra rẹ̀ máa ń da afẹ́fẹ́ rú. Bí afẹ́fẹ́ bá kọlu ògiri, ó máa ń gun òkè, ó sì máa ń yára sí i bó bá ń ré téńté òrùlé kọjá. Ẹni tó bá gbé ife sí ibi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òrùlé á máa rí afẹ́fẹ́ tó ju èyí tó wà nítòótọ́ lọ láti ìhà kan. Láti ìhà kejì, á rí èyí tó kéré sí i. Kí ife ga ju téńté lọ ní mítà 2 ó kéré tán, mítà 3 sàn jù, bí ó bá sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ láìséwu, ẹ gbé e sókè. Nílé, mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ilé ló ní táńkì omi lórí stánǹdì irin. Stánǹdì yẹn jẹ́ ibi tó dáa láti ti bẹ̀rẹ̀, bí páìpù náà bá ga ju táńkì lọ dáadáa. Ẹ má kàn fi í sí ẹ̀gbẹ́ táńkì, torí òun náà jẹ́ ìdènà.

Níbí, yìnyín máa ń di ife mọ́lẹ̀ ní òwúrọ̀ ìgbà òtútù, console á sì kọ òdo nígbà tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́. Ìyẹn ni mo fi yan irú èyí tí kò ní ohun tó ń yí rárá. Ìró tí etí ènìyàn kò lè gbọ́ ló ń rán láti ìhà kan sí ìkejì, ó sì ń fi àkókò tí ìró náà fi rìn mọ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń sá. Nílé, kò sí yìnyín, ṣùgbọ́n eruku wà. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ni àjọ TAHMO ń gbé sí àwọn ilé ẹ̀kọ́ káàkiri Áfíríkà, nítorí pé kò sí ohun tí eruku lè há mọ́ nínú rẹ̀. Ó wọ́n ju oníife lọ. Ẹni tó bá ní oníife tẹ́lẹ̀, kó lò ó, kó ṣáà máa tọ́jú rẹ̀.


AWỌNLẸ̀ ÒṢOGBO

Iṣẹ́ mi ni ọ̀rọ̀ àríwá yìí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kúnná.

Kọ́ńpáàsì inú fóònù kò burú, ibi tí àwọn ènìyàn ń dúró sí ni kò dáa. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó irin, lórí dẹ́kìnnì tí irin wà nínú kọnkéré rẹ̀, lẹ́bàá ọkọ̀ àti jẹnẹrétọ̀, kọ́ńpáàsì á ṣìnà. Ẹ rìn jìnnà sí irin kí ẹ tó wò ó. Ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, Ọ̀yọ́, Èkó àti agbègbè wọn, àríwá kọ́ńpáàsì àti àríwá gidi kò fi dìgírì méjì yàtọ̀ síra, nítorí náà a lè gbójú fò ó fún ẹ̀rọ ilé.

Èmi fẹ́ràn òòjìji oòrùn jù, torí kò sí irin tó lè tàn án. Ẹ ri igi kan tó dúró ṣánṣán sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Ní òwúrọ̀, ẹ sàmì sí ibi tí orí òòjìji rẹ̀ dé, ẹ wá fi okùn ya bìrìkìtì kan tó gba àmì yẹn kọjá, kí ẹsẹ̀ igi jẹ́ àárín rẹ̀. Òòjìji á kúrú títí di ọ̀sán, á sì tún gùn padà. Níbi tó bá ti kan bìrìkìtì náà lẹ́ẹ̀kejì ní ọ̀sán, ẹ sàmì kejì. Ìlà tó so àmì méjèèjì pọ̀ lọ láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn: ti òwúrọ̀ ni ìwọ̀-oòrùn, ti ọ̀sán ni ìlà-oòrùn. Ìlà tó bá gba àárín rẹ̀ kọjá ní igun tó dọ́gba ni àríwá àti gúúsù.

Mo ń tẹnu mọ́ ọ̀nà yìí nítorí pé ìwé tí wọ́n kọ fún ilẹ̀ òtútù máa ń sọ pé òòjìji ọ̀sán gangan ń tọ́ka àríwá. Tiwọn ni. Ní ilẹ̀ wa, láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kẹrin títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, oòrùn wà ní àríwá orí wa lọ́sàn-án, òòjìji sì ń tọ́ka gúúsù! Ẹni tó bá tẹ̀ lé ìwé yẹn nínú oṣù kẹfà á gbé atọ́ka rẹ̀ kọ ẹ̀yìn sí àríwá. Ọ̀sán gangan pàápàá kì í ṣe aago 12. Ní Ìbàdàn, nǹkan bí aago 12 kọjá ìṣẹ́jú 44 ni, ó sì ń sún síwá sẹ́yìn láàárín 12:28 àti 12:58 bí ọdún ti ń yí.

Ẹ má fi mọ́ṣáláṣí àdúgbò mọ ìlà-oòrùn o. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn. Láti ìhà tiwa, láti àríwá lọ sí ìlà-oòrùn, nǹkan bíi dìgírì 63 ni Kìbílà wà, ìlà-oòrùn gidi sì jẹ́ 90. Ìyàtọ̀ náà pọ̀.

Bí ẹ bá ti mọ àríwá, ẹ ka ìwé ẹ̀rọ yín láti mọ ohun tó gbọ́dọ̀ kọjú síbẹ̀. Lára òmíràn, wọ́n kọ N sí i. Ti Davis, apá tó gbé atọ́ka ló ń kọjú sí àríwá, bí kò bá sì ṣeé ṣe, ẹ lè tún un ṣe lórí console. Lẹ́yìn náà, ẹ wo àwòrán ilẹ̀ láti òkè lórí Google Maps, ẹ wá òpó àwọn oníléeṣẹ́ fóònù kan tí ẹ lè rí lókèèrè, ẹ wọn igun rẹ̀ láti ibi òpó yín. Ẹ fi ọwọ́ di atọ́ka mú kí imú rẹ̀ kọjú sí òpó yẹn gan-an, kí ẹlòmíràn ka console. Bí iye méjèèjì bá sún mọ́ra, iṣẹ́ ti parí. Imú ni mo wí o, ìyẹn ẹ̀gbẹ́ tó tín-ín-rín. Ìrù tó fẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń tì sẹ́yìn. Ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀ la ń kọ sílẹ̀, a kì í kọ ibi tó ń lọ.


ARÁ BALTIMORE

Ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n awọnlẹ̀ sọ nípa dìgírì méjì yẹn, kí àwa tó wà lẹ́yìn odi má fi ti ilé ṣe é o. Níbi tí mo wà ní Maryland, abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì ń tọ́ka nǹkan bíi dìgírì 11 sí ìwọ̀-oòrùn àríwá gidi. Àwọn ará wa ní Salvador, Bahia, tiwọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 23. Ẹni tó bá ń lo fóònù, kó wọ inú ètò rẹ̀, kó yan àríwá gidi, fóònù á ṣe ìṣirò náà fúnra rẹ̀.


ỌMỌ ṢÀGÁMÙ

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin àgbà. Èmi ń fi Arduino, pátákó kọ̀ǹpútà kékeré kan, kan tèmi fúnra mi ni. Fún àwọn tó bá fẹ́ mọ ohun tó wà nínú ife náà: mágínẹ́ẹ̀tì kékeré ló ń yí pẹ̀lú rẹ̀, bó bá sì ti kọjá níwájú swíìṣì kan, swíìṣì á pa dé. A kàn ń ka iye ìgbà tó pa dé ni. Nínú irú ife tó wọ́pọ̀ jù lọ́wọ́ àwa tó ń kan án fúnra wa, bí swíìṣì bá pa dé lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, kìlómítà 2.4 ní wákàtí ni. Atọ́ka rẹ̀ ní swíìṣì 8, ó sì lè sọ ìhà 16.

Ohun méjì ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ nípa iye tí console ń kọ. Ìkínní, WMO ní kí a fi ìṣẹ́jú 10 ṣe ìpíndọ́gba afẹ́fẹ́, kí a sì fi ìṣẹ́jú-àáyá 3 mọ ẹ̀fúùfù òjijì. Ẹ̀rọ ilé yàtọ̀ síra gan-an nínú èyí: òmíràn ń ránṣẹ́ ní ìṣẹ́jú-àáyá méjì àti ààbọ̀, òmíràn ń dúró tó 16. Nítorí náà, bí tiyín àti ti aládùúgbò kò bá dọ́gba nígbà ìjì, ẹ má tíì sọ pé ọ̀kan ti bàjẹ́.

Ìkejì, ẹ̀yin tó ń kọ ètò tiyín, ẹ má ro ìhà afẹ́fẹ́ pọ̀ kí ẹ wá pín in lásán. Bí afẹ́fẹ́ bá wá láti dìgírì 350, tó tún wá láti dìgírì 10, àríwá ló ti ń bọ̀ nígbà méjèèjì. Bí ẹ bá rò wọ́n pọ̀ tí ẹ pín in sí méjì, 180 lẹ máa rí, gúúsù pátápátá. Ẹ sọ ìhà kọ̀ọ̀kan di sine àti cosine, ẹ ṣe ìpíndọ́gba ìyẹn, kí ẹ tó yí i padà.

Ẹ lè fi mọ́tò dán ife wò náà. Ní òwúrọ̀ tí afẹ́fẹ́ kò fẹ́ rárá, ní ọ̀nà tí kò sí ọkọ̀, kí awakọ̀ máa sá kìlómítà 40 láìyẹsẹ̀, kí ẹlòmíràn na ife síta.


OLÙKỌ́ FÍSÍÌSÌ (Abẹ́òkúta)

Àbúrò, ó ṣeun. Mo fẹ́ fi kún ti mọ́tò yẹn: ara mọ́tò náà ń ti afẹ́fẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ife tó bá sún mọ́ fèrèsé á sọ iye tó pọ̀ jù. Kí ife ga ju orí mọ́tò lọ dáadáa. Bí ẹ bá sì fi lọ, kí ẹ fi bọ̀ ní ọ̀nà kan náà, kí ẹ ṣe ìpíndọ́gba rẹ̀. Á fi hàn yín bóyá ife ń ṣiṣẹ́, kò ní sọ fún yín pé ó péye.


ALÁBÒÓJÚTÓ IBÙDÓ ILÉ Ẹ̀KỌ́ (Ìbàdàn)

Títọ́jú ni mo fẹ́ sọ. Ọ̀pọ̀ nínú ife olówó pọ́ọ́kú kì í bẹ̀rẹ̀ sí í yí títí afẹ́fẹ́ yóò fi tó nǹkan bíi mítà 1 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Afẹ́fẹ́ Ìbàdàn kì í sábà le, nítorí náà bí eruku bá tún kún un, ẹ ó pàdánù púpọ̀ nínú ohun tó ń fẹ́. Kí ọyẹ́ tó dé àti lẹ́yìn tó bá lọ, ẹ tẹ́ òpó sílẹ̀, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ nu ìdí ife, ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i. Ẹ má ṣe fi epo ẹ́ńjìnnì tàbí òróró sí i! Á yí dáadáa fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà eruku á lẹ̀ mọ́ epo náà, á sì di ẹrẹ̀ nínú rẹ̀.

Aláǹtakùn máa ń ta okùn láti ife sí òpó, agbọ́n sì máa ń mọ ilé sí ibikíbi tó bá ní ihò. Bí console bá kọ òdo fún odidi ọjọ́ kan nígbà tí ewé ń mì, ẹ lọ wo ìdí rẹ̀. Ẹ nu ojú sólà náà, pàápàá nínú ọyẹ́.

Ẹ sì ní ìwé kan tí ẹ óò máa kọ nǹkan sí: gíga òpó, ibi tí igi àti ilé wà àti bí wọ́n ṣe ga tó, ọjọ́ tí ẹ gbé e sókè, ọjọ́ tí ẹ fọ̀ ọ́, ọjọ́ tí aládùúgbò fi pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kún ilé rẹ̀. Ya fọ́tò láti ìdí òpó sí ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí afẹ́fẹ́ ìwọ̀-oòrùn bá dín kù lọ́dún mẹ́ta òní, ìwé yẹn ló máa sọ bóyá ojú-ọjọ́ ló yí padà tàbí ilé tuntun ló dínà.


ÀGBẸ̀ MỌ́NÍYÀ

Inú mi dùn gan-an sí gbogbo yín. Mo ti wọn ọgbà. Wáyà NEPA wà lójú títì, òpó onímítà 10 kò lè jìnnà sí i tó bí ẹlẹ́rọ ṣe wí bí mo bá fi í síwájú, ṣùgbọ́n ẹ̀yìnkùlé gbà á. Ibẹ̀ náà ló jìnnà sí máńgòrò jù. Alájórin ti gbà láti ṣe oníhíńjì. Agbòjò àti ti ooru á dúró síbi tí wọ́n wà, màá sì ra ti àfọwọ́mú fún oko.

Ìbéèrè kan ló kù. Ìwé rẹ̀ ní kí sólà kọjú sí gúúsù. Ẹ̀gbọ́n awọnlẹ̀ sì ní oòrùn ń wà ní àríwá láàárín ọdún. Ṣé kí n yí i padà ni?


AWỌNLẸ̀ ÒṢOGBO

Ẹ má yí i o. Nínú irú ẹ̀rọ tí sólà àti atọ́ka jọ wà lára ohun kan náà, bí ẹ bá yí sólà sí àríwá, ẹ ti yí atọ́ka náà nìyẹn. Gúúsù á di àríwá lórí console, àfi bí ẹ bá lọ yí ètò rẹ̀ padà. Oòrùn wa lágbára, ó sì ń gba òkè orí kọjá. Sólà á rí ìmọ́lẹ̀ tó tó.

Bí ẹ bá ti gbé e sókè tán, ẹ jẹ́ kí ojú-ọjọ́ fúnra rẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Nínú oṣù keje, gúúsù ìwọ̀-oòrùn ló yẹ kí console máa kọ jù lọ, torí afẹ́fẹ́ òkun ló ń gbé òjò wá. Nínú ọyẹ́, àríwá ìlà-oòrùn ni. Ìjì ńlá oṣù kẹrin, ìlà-oòrùn ni ẹ̀fúùfù rẹ̀ sábà máa ń gbà wá kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá rí òdìkejì nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ tẹ́ òpó sílẹ̀, ẹ yí i po ní dìgírì 180. Bí ó bá kàn yẹ̀ díẹ̀, ẹ tún un ṣe lórí console, ẹ sì kọ ọjọ́ tí ẹ ṣe é sínú ìwé yẹn.


ÀGBẸ̀ MỌ́NÍYÀ

Ó ti yé mi, sà. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni alájórin ń bọ̀. Màá fi fọ́tò ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin síbí kí ẹ bá mi wò ó kí a tó da kọnkéré.